Ibi Tí Epo Ọkọ̀ Ọkọ Mi Ń Lọ

Owú ló kọ́ mi bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Níléèwé girama tí mo lọ ní Bantẹ̀, wọ́n kọ́ wa ní Faransé, wọ́n kọ́ wa ní ìṣirò, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ àwọn odò tí a ò ní fojú rí láéláé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣí imú ọkọ̀ akẹ́rù hàn wá. Ká ní mi ò jowú obìnrin kan ní Savalu ni, ǹ bá má mọ̀ títí di òní pé ẹ́ńjìnì lè tutù jù. Èyí tó ń gbóná jù ni gbogbo ayé mọ̀.

Ọkọ mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dàgbà jù mí lọ. Kámíọ̀ la máa ń pè é nílé, àfi bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Iṣu ló fi ń kó láti Pira àti Bantẹ̀ lọ sí ọjà Savalu. Tó bá ń bọ̀, á kó símẹ́ǹtì tàbí ọṣẹ tàbí ohunkóhun tí àwọn oníṣòwò bá ní kó bá àwọn gbé. Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mọ ìró ọkọ̀ náà yàtọ̀ sí ti gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Tó bá gbọ́ ọ lókèèrè, á tu ọmú lẹ́nu, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti jowú ìyẹn náà rí. Ẹ má bi mí bóyá ọkọ̀ ni mò ń jowú tàbí ẹni tó ń wà á.

Inú àgbàlá wa ni epo ọkọ̀ náà máa ń wà, nínú àwọn bídọ̀ oníke tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná. Èmi ni mo máa ń wọ́ wọn jáde láàárọ̀. Bídọ̀ méjì ló ń gbé kámíọ̀ lọ sí Savalu, òun náà ló ń gbé e padà. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Àmọ́ nígbà òjò tó kọjá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kẹta dání, ìdajì rẹ̀ ló sì máa ń kù tó bá dé.

Mo bi í léèrè. Ó ní ọkọ̀ ti dàgbà.

"Ṣé àná ló dàgbà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba balùwẹ̀ lọ. Ká ní ó bínú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Savalu yà sílé wa. Ó ń tú ẹrù ẹ̀ lórí ẹní, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni sọ̀rọ̀ òjò, pé òun rí ọkọ mi.

"Níbo?"

"Ní gáráàjì obìnrin mẹkáníìkì yẹn, lápá ọ̀nà Jaluku. Ó jókòó sórí táyà, ó ń jẹ ẹ̀pà."

"Ṣé ọkọ̀ ẹ̀ ló bàjẹ́ ni?"

"Ọkọ̀ wà ńbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó bàjẹ́. Ẹ̀pà ni mo rí."

Ẹ wo ẹ̀pà yẹn o. Ọkọ mi kì í jẹ ẹ̀pà nílé. Mo ti yan án fún un títí, ó ní ó máa ń há sí òun léyín.

Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti wá ń gbé nílé wa. Mi ò tíì fojú kàn án, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mọ ọ́n bí ẹni mọ ìkòkò. Mo jẹ́ kó ga. Mo fún un ní èékánná tó mọ́ tónítóní, mi ò sì bi ara mi bí mẹkáníìkì ṣe lè ní irú èékánná bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀rín kékeré tí kì í pariwo. Mo fún un ní ikùn tí kò gbé ọmọ rí, nítorí tèmi ṣì rọ̀ bí iyán tí wọ́n bu omi jù sí, wàrà ń rùn lára gbogbo aṣọ mi, irun mi sì ti lé lóṣù kan tí ọwọ́ onídìrí kò kàn án. Tí mo bá ń fọ aṣọ ọmọ, obìnrin náà á dúró tì mí. Tí mo bá dùbúlẹ̀ láti fún ọmọ lọ́mú, á jókòó sí ìdí ibùsùn, á máa wò mí bí ẹni ń ṣàánú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí, ẹni tó bá sì ń wá ẹ̀rí kì í pẹ́ kó tó rí i. Mo gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ mi. Mo retí lọ́fínńdà. Epo ọkọ̀ ló ń rùn, epo tútù bí ẹni dà á sí i lára, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní ó dáa, ó ń fi epo bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀. Láàárọ̀, tó bá tan ọkọ̀ nínú àgbàlá, èéfín funfun ló ń jáde, a ó máa wúkọ́ títí. Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni ara rẹ̀.

Ìdí nìyí. Ẹ́ńjìnì kámíọ̀ náà wà láàrin àwọn ìjókòó méjèèjì, ìbòrí irin kan ló wà lórí ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, tí ọkọ mi bá ti Savalu dé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á gbóná bí ti ẹni tó dúró sínú eérú, ẹ̀wù rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà òjò yẹn ó ń dé wálé pẹ̀lú ara tútù, ẹsẹ̀ tútù, ẹ̀wù gbígbẹ. Bí ẹni tó ti wẹ̀. Níbo ló ti wẹ̀?

Ọjọ́ tí mo bi í, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ ti wẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

"Mi ò wẹ̀."

"Ara yín tutù."

"Kí ara mi tutù wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Epo ń lọ, ara ń tutù. Ẹ bá mi dà wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún mi."

Ó gé òkèlè, kò fi sẹ́nu. "Ta ló sọ kí ni fún ẹ?"

"Wọ́n ní ò ń jẹ ẹ̀pà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa pe ọkọ mi ní ìwọ. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. Ó fọwọ́, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ní kí n wá bá òun lọ sí Savalu lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ kí n lọ fojú ara mi rí ibi tí òun ń jókòó sí.

Mo ní, "Màá lọ. Ṣùgbọ́n tá a bá ń bọ̀, tí mi ò bá tíì mọ ibi tí epo yẹn ń lọ, ẹ má dúró nílé. Ẹ gbé èmi àti ọmọ kọjá tààrà sí Pira, lọ́dọ̀ ìyá mi."

Ó wò mí. Ó rò pé màá fi ẹ̀rín sí i. Nígbà tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ó dáa."

Báyìí ni mo ṣe di aṣọ ọmọ sínú àpò, mo fi aṣọ tèmi méjì lé e, mo sì gun kámíọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ti lọ dirun. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni wọ́n ń gbé lọ.

A kọjá Guka. Ọmọ sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Ní iwájú ọkọ mi, láàrin àwọn aago kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀, aago kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sùn sílẹ̀ pátápátá. Ó fi èékánná kan gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ṣó o rí eléyìí? Òun ló ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Àárín ló yẹ kó wà. Láti nǹkan bí oṣù mélòó kan ló ti ń sùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mò ń bá lọ sí gáráàjì yẹn."

Mo wo abẹ́rẹ́ náà. Mo ní, "Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná, ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo awakọ̀ ń tọrọ nìyẹn?"

"Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn."

"Kí wá ni mẹkáníìkì fẹ́ tún ṣe?"

Ó fọn fèrè sí ewúrẹ́ kan lójú ọ̀nà. Mo fi ìyẹn kún ẹ̀rí mi.

Nígbà tí wọ́n já iṣu sílẹ̀ tán lọ́jà, ó darí ọkọ̀ sí gáráàjì náà. Abẹ́ igi máńgòrò méjì ni, pẹ̀lú ilé páànù kékeré kan lẹ́yìn. Obìnrin kan jáde lábẹ́ ọkọ̀ míì, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó kúrú. Ó sanra ní èjìká. Ó tó ẹni ogójì ọdún, irun rẹ̀ wà ní gígé mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin, òróró dúdú sì ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò lè jáde mọ́ láyé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú irun dídì mi, mo ń wá ẹni gíga tí mo ti ń bá jà láti bí oṣù kan.

Ẹ ó rò pé ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ó kí wa "kú àbọ̀" bí àwọn Máhì, àwọn ará Savalu, ṣe ń pè é, ọkọ mi sì dá a lóhùn ní Máhì, nítorí Savalu ló gbé dàgbà. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí mo bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nílé, ọ̀kan ló máa dáhùn. Ó ń fọwọ́ júwe, ó ń fi ẹnu ṣe bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún, obìnrin náà ń mi orí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Máhì tí mo gbọ́ kò kọjá ti kí a fi ra ata. Ká ní obìnrin náà ga, tó sì rẹwà, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ sí i. Ohun tó wà láàrin wọn yìí, mi ò mọ orúkọ tí màá pè é.

Obìnrin náà yí sí Yorùbá nígbà tó rí ojú mi. Yorùbá àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ló ń sọ, ṣùgbọ́n Máhì wà lábẹ́ ẹ̀. "Ìyàwó wa, wá jókòó. Gbé ọmọ wá kí apá ẹ sinmi." Ọmọ mi, tó máa ń ké bí ìyá ọkọ mi bá nawọ́ sí i, na ara sí i bí ẹni tí wọ́n ti mọra tipẹ́. Ó fi ọwọ́ kékeré gbá òróró tó wà léjìká ẹ̀, ó sì fi nu ara aṣọ ara rẹ̀.  Mo ṣírò èyí náà.

Ó ní ká dúró kí ẹ́ńjìnì sinmi dáadáa, pé ọjọ́ gbogbo tí ọkọ mi bá wá ló máa ń kánjú lọ kẹ́rù, kì í jẹ́ kó tutù tán, òun ò sì lè yẹ ohun tí òun fẹ́ yẹ̀ wò bí kò bá tutù tán. Oòrùn ti kan àtàrí, ọkọ mi ní òun ń lọ kírun. Bó ṣe ku àwa obìnrin méjì àti ọmọ nìyẹn.

Nínú ilé páànù, wọ́n gbé fọ́tò kan kọ́. Obìnrin náà ni, ó ṣì kéré, wọ́n da pọ́dà funfun sí i lórí àti léjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, ó na ìwé ẹ̀rí sókè, eyín rẹ̀ gbogbo wà níta. Kò sẹ́ni tó da pọ́dà sí mi lórí rí. Oyún ọmọ tó wà lápá ẹ̀ yìí ló pàdé mi nígbà tó ku ọdún kan kí n ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mi ò kábàámọ̀ ọmọ mi, ọmọ mi dùn mọ́ mi jù. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò yẹn pẹ́.

"Àbúrò mi," obìnrin náà sọ lẹ́yìn mi, "tó o bá ti wò mí tán, wí fún mi."

Ojú tì mí. Mo ní, "Mo ti wò yín tán."

"Kí lo rí?"

"Ẹ ò jọ bí mo ṣe rò ó."

"Mo burú jù bẹ́ẹ̀ ni, àbí mo dáa jù bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó mú kí ọmọ náà wò ó lẹ́nu. "Ọkọ ẹ sọ pé o kì í parọ́. Ó ní ò ń ka bídọ̀."

"Ó sọ fún yín pé mò ń ka bídọ̀?"

"Ó sọ ọ́. Kí ló wà ńbẹ̀? Èmi náà á kà á." Ó gbé ọmọ sí ìhà kejì. "Ọkùnrin yẹn, tó bá jókòó síbí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní kámíọ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, pé tó bá kú, oko àwọn ẹ̀gbọ́n òun ló kù tí òun máa padà sí, tí wọn á máa rán òun níṣẹ́ bí ọmọdé. Kò sọ fún ẹ?"

Mo ní ó sọ fún mi. Irọ́ ni. Kò sọ fún mi. Nílé, ọkọ̀ ti dàgbà ni gbogbo ohun tí mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ká ní wọ́n ní ó fọwọ́ kan obìnrin náà ni, màá pariwo, màá gbé àpò mi, màá mọ ohun tí mo lè sọ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkọ mi ni obìnrin yìí ń gbé, èmi tí mò ń sùn tì í kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀rù kankan. Ó dùn mí dé eegun.

Nígbà tí ọkọ mi padà, obìnrin náà fún mi lọ́mọ, ó ṣí ìbòrí irin orí ẹ́ńjìnì. Ó ní kí ọkọ mi tan án, kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá rọ́bà ńlá kan tó ti orí ẹ́ńjìnì lọ sí ràdíátọ̀, ìyẹn àgò pẹrẹsẹ tó wà níwájú, tí omi ti ń gba atẹ́gùn kó lè tutù.

"Ìyàwó wa, gbé ọwọ́ ẹ wá. Ìwọ ló wá wá epo."

Mo fọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀.

Ó ní, "Omi ló ń yí ẹ́ńjìnì ká. Láàrin ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá yìí, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní tẹmósítà. Tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ilẹ̀kùn yẹn á tì, omi ò ní lè lọ sí ràdíátọ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá wá gbóná tó, á ṣí fúnra ẹ̀. Nítorí náà, tí ilẹ̀kùn bá dáa, ọ̀pá yìí á tutù lọ́wọ́ rẹ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á gbóná lójijì. Dúró. Má sọ̀rọ̀."

A dúró. Ọ̀pá náà kò dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ ọ́n lára pé ó ń lọ́ wọ́rọ́, díẹ̀díẹ̀, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tí mo máa ń fi ìgúnpá wò. Ibi ìlọ́wọ́rọ́ yẹn náà ló dúró sí. Kò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ti ń lọ́ wọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ó tán. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Omi ń sá lọ gba atẹ́gùn kó tó gbóná, ẹ́ńjìnì ń fi òtútù ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì tó tutù kì í jó epo tán. Ó ń mu ún, ó ń da ìyókù síta ní èéfín." Ó kọjú sí ọkọ mi. "Abẹ́rẹ́ ẹ ò parọ́. Mo ti sọ fún ẹ lọ́jọ́ tá a fi páálí bo iwájú ràdíátọ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé, tó sì gòkè díẹ̀."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Epo tútù lára ẹ̀wù. Èéfín funfun nínú àgbàlá. Ìbòrí irin tí kò gbóná mọ́, ẹsẹ̀ tútù, ẹ̀wù gbígbẹ. Gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ fún obìnrin, ẹ́ńjìnì ló kó wọn lọ lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò tán síbẹ̀. Ó pa ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta lórí ibi tí tẹmósítà ń gbé, ó gbé ìdérí kúrò, ó fi ìka wọ inú rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbí. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò bàjẹ́, ẹnì kan ló yọ ọ́ kúrò. Ta ló yọ ọ́?"

Ọkọ mi ní, "Kì í ṣe èmi."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibà dá ọkọ mi dúró sílé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a wa ọkọ̀ lọ sí Pira, ọkọ̀ hó lójú ọ̀nà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, mẹkáníìkì ní Bantẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ mi mọ̀ pé àwọn èèyàn tèmi náà wúlò. Bàbá náà dí ihò tó wà lára ràdíátọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi nǹkan bàbà kékeré kan hàn mí lórí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ìlú òtútù ni wọ́n ṣe eléyìí fún. Àwa tí oòrùn ń sè, kí la fẹ́ fi ṣe? Kí n yọ ọ́?" Mo dáhùn bí ìyá ilé. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ohun tó bá ń mú un gbóná, ẹ yọ ọ́ dànù." Mo sì sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ti tún un ṣe. Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ọmọ wà lápá mi, mo lè ní ó ń ké, kí n gbé e jìnnà síbẹ̀. Mo rò ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Lọ́dọ̀ bàbá mi kékeré. Nígbà ibà yín."

Ọkọ mi kò gbé ohùn sókè. Ó wò mí títí, ó ní, "Oṣù mélòó lo fi ka bídọ̀?"

 Obìnrin náà ló gbà á sọ. Ó ní kó fi mí sílẹ̀, pé gbogbo àwọn mẹkáníìkì àgbà ló ń yọ ọ́ lójú ọ̀nà yìí, àwọn awakọ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ pàápàá ní agolo kan tó kún fún èyí tó ti yọ. Ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni. Kí n jókòó síwájú ọkọ mi kí obìnrin yẹn máa bá mi bẹ̀bẹ̀, ó nira fún mi ju kí ó bú mi lọ.

Wọ́n ti bá obìnrin náà wá tẹmósítà àlòkù méjì láti Parakou, nítorí ó ti ń fura láti ọjọ́ páálí. Ó ní òun ò lè fi èyí tí kò dá òun lójú sínú ọkọ̀, pé èyí tó bá kọ̀ láti ṣí á se ẹ́ńjìnì pa. Ó gbé ìkòkò kan ka orí ẹ̀yín iná, ó fi òwú so àwọn méjèèjì rọ̀ sínú omi.

"Wá bá mi ṣọ́ ọ," ó sọ fún mi. "Ojú mi ò mú bíi tàtijọ́."

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò náà. Èéfín omi ń fẹ́ lù wá lójú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kékeré, ìfófòó kéékèèké gòkè láti ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún dúró gbọin. Èyí tó wà lápá òsì yanu díẹ̀, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún ń rò ó.

Mo ní, "Tòsì ń ṣí."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó ti là. Ẹ wò ó."

Ó wò ó, ó ní ojú mi mú. Inú mi dùn, ó sì tún bí mi nínú pé inú mi dùn. Ó fa òwú, ó ju ti ọ̀tún sínú pàǹtí, ó ki ti òsì sínú ẹ́ńjìnì, ó fi ọ̀bẹ gé páálí tín-ín-rín yíká fún ìdérí, ó fi gírísì kùn ún, ó dè é. Nígbà tí a ń lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní kí n máa mú ọmọ wá. Mo ní bó bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ mú un wá.

Lójú ọ̀nà, mi ò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́ náà. A ò tíì jáde ní Savalu tán tó fi gbérí. Nígbà tí a fi máa rìn díẹ̀, ó ti dúró sáàárín, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìbòrí irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo bọ́ bàtà, mo ká ẹsẹ̀ kúrò. Òógùn ṣẹ́ sí ọmọ níwájú orí. Òógùn ṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ náà, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo wò ó tán, ojú tì mí.

A kọjá Guka kí n tó lè sọ ọ́. "Ẹ má bínú. Lórí ọ̀rọ̀ epo."

"Mo gbọ́."

"Ti epo nìkan ni mò ń bẹ̀ yín fún."

Ó yíjú sí mi, ó tún wo ọ̀nà. "Kí ló tún kù?"

"Ẹ sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ̀rù oko àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń bà yín. Èmi, ẹ sọ fún mi pé ọkọ̀ ti dàgbà."

Ó yí gíà padà. Ó ní, "Mẹkáníìkì ni. Wọ́n máa ń sọ fún mẹkáníìkì."

"Wọ́n máa ń sọ nípa ọkọ̀ fún mẹkáníìkì."

 A rìn báyìí títí ìmọ́lẹ̀ fi ń pọ́n lórí àwọn igi káṣú. Nígbà tí ilé àkọ́kọ́ ní Bantẹ̀ yọ, ó dín ìrìn ọkọ̀ kù. Ilé wa wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ọ̀nà Pira lọ tààrà. Ó fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ọkọ̀ dúró sí ìyànà, ọlọ́kadà kan fọn fèrè sí wa lẹ́yìn.

"Pira ni, àbí ilé?" ó bi mí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. 

Mo ti rí ibi tí epo ń lọ. Ohun tí a jọ ṣe àdéhùn lé lórí nìyẹn, mi ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ wọ ilé yẹn kí n wá jẹ́ ẹni tó ń wọ́ bídọ̀ jáde nìkan, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rù lọ bá ẹlòmíì.

Mo ní, "Ẹ sọ fún mi. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún un. Gbogbo ẹ̀. Ní Yorùbá."

Ó yà sápá ọ̀tún, ó wa ọkọ̀ dé iwájú ilé wa, ó pa á. A jókòó síbẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ibà, pé òun dùbúlẹ̀ lórí ẹní, òun gbọ́ pé ọkọ̀ ti hó lójú ọ̀nà, òun sì rò pé ayé òun ti parí. Ó ń sọ ọ́ láìlétò, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń fo ibi kan. Ó mẹ́nu kan obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo ní kó dúró, kí n kọ́kọ́ lọ tẹ́ ọmọ sílẹ̀.

Ó ní kí n má lọ, pé bí òun bá dánu dúró, òun ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Mo gbé ọmọ léjìká, mo jókòó padà, mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.